Ojú Àtijọ́ Lára Ẹ̀rọ Tuntun: Àkíyèsí lórí Lílo Ojú Kámẹ́rà Ayé Ọjọ́un, àti Ẹ̀kọ́ tí ó Kọ́ Wa nípa Àkójọ Ewì Alohùn

1. Ìfáárà

 

Mo mọ̀ pé àkọlé ọ̀rọ̀ mi yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí. Ewì alohùn ni mo ti ń gbà sílẹ̀, tí mo ń dà kọ, tí mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà tí mo ti gba oyè. Kí ni ó wá kàn mí kan kámẹ́rà? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ogún ni ó kàn mí.

Onífọ́tò ni bàbá mi ní Iléṣà. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 1968, ó sì tì í pa ní 1996, nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí ó di olóògbé ní 2009, àwa ọmọ rẹ̀ pín ohun tí ó fi sílẹ̀. Àpótí onígi kan ni ó kàn mí. Kámẹ́rà Pentax Spotmatic kan wà nínú rẹ̀, ojú kámẹ́rà méjì sì wà pẹ̀lú rẹ̀: ọ̀kan ń jẹ́ Super-Takumar, èkejì ń jẹ́ Helios 44-2. Mo gbé àpótí náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún 11. Ní 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19, ni mo tó ṣí i. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ni ó bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tòní.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí a bá fẹ́ kí ohun tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lára ohun tuntun, kí ni ó yẹ kí ó wà láàárín àwọn méjèèjì? Láti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ewì ni n ó parí rẹ̀ sí. Mo sì bẹ̀ yín kí ẹ mú sùúrù fún mi, nítorí àṣìṣe kan wà tí ó yẹ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jókòó.

2. Ojú kámẹ́rà àti ara kámẹ́rà

Ó tọ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́, kí a má baà máa sọ̀rọ̀ lókùnkùn. Apá méjì ni kámẹ́rà tí a lè tú ojú rẹ̀ ní. Èkínní ni ojú náà gan-an, èyí tí àwọn onífọ́tò ń pè ní léǹsì: dígí mélòó kan tí a tò tẹ̀ léra nínú ọ̀pá irin kúkúrú. Èkejì ni ara kámẹ́rà, níbi tí fíìmù ń gbé láyé ọjọ́un, tí ohun tí a ń pè ní sẹ́ńsọ̀ sì ń gbé lónìí.

Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ni ojú rẹ̀ ṣe é tú. Rolleiflex tí Pierre Fatumbi Verger fi ya ọ̀pọ̀ àwòrán ní Bahia àti ní ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe é tú. Ojú àti ara rẹ̀ ti di ọ̀kan. Bí ara irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, ojú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni a ń yí ojú rẹ̀ wọ ara rẹ̀ bí ìgbà tí a ń yí ìdérí wọ ẹnu ìgò. Ẹnu náà fẹ̀ tó mìlímítà 42, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní M42. Ní 1949 ni irú ìdè yìí jáde lára kámẹ́rà Contax S ní Dresden, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Jámánì. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé Rọ́ṣíà, ó sì dé Japan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Asahi ní Japan gbé Spotmatic jáde ní 1964, ìdè kan náà ni wọ́n lò. Helios tí ó wà nínú àpótí mi, ọ̀dọ̀ àwọn ará Soviet ni ó ti wá. Biotar tí ilé iṣẹ́ Zeiss ṣe ní Jámánì ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ wá wo ohun ìyanu: ojú tí a ṣe ní Soviet wọ ara tí a ṣe ní Japan, nítorí àdéhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Iléṣà tí kò dé ọ̀kankan nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju fífẹ̀ ẹnu náà lọ. Ìyẹn ni ọ̀nà tí ó wà láti ibi tí ojú kámẹ́rà ti wọ ara rẹ̀ títí dé ibi tí fíìmù wà. Lára kámẹ́rà M42, ọ̀nà yìí jẹ́ mìlímítà 45.46. Kì í ṣe ohun tí a lè fojú bù. Bí ọ̀nà náà bá gùn ju bí ó ti yẹ lọ díẹ̀ péré, òkè tí ó wà lọ́nà jíjìn kò ní mọ́ kedere láéláé, bí ó ti wù kí a yí ojú náà tó. Bí ó bá kúrú jù, àmì jíjìn àti ìtòsí tí wọ́n kọ sára ojú náà yóò di irọ́.

Kí ló dé tí ọ̀nà náà fi gùn tó bẹ́ẹ̀? Dígí ìwojú kan ni ó wà láàárín ojú kámẹ́rà àti fíìmù láyé ọjọ́un, òun ni ó ń gbé àwòrán lọ sí ibi tí onífọ́tò ti ń yọjú wò. Dígí yìí gbọ́dọ̀ rí àyè gbéra sókè nígbà tí a bá tẹ kámẹ́rà. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Panasonic gbé Lumix G1 jáde, wọ́n yọ dígí ìwojú náà kúrò pátápátá, wọ́n sì fi tẹlifíṣàn kékeré kan rọ́pò rẹ̀. Ní 2010 ni Sony náà tẹ̀ lé wọn. Bí dígí ti kúrò, ọ̀nà kúrú. Lára àwọn kámẹ́rà Sony wọ̀nyí, mìlímítà 18 péré ni. Nítorí náà, bí a bá yọ 18 kúrò nínú 45.46, ó ku 27.46. Àlàfo yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

3. Òrùka tí kò ní dígí

Ohun tí ó dí àlàfo yìí ni òrùka ìsopọ̀, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní adápítọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra tèmi, mo gbé e sókè, mo wò ó, inú mi kò dùn. Irin òfìfo ni. Bí mo bá fi ojú mi sí i, mo ń rí òdìkejì yàrá. Mo rò pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé òfìfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò fi ohunkóhun kún ìmọ́lẹ̀, kò sì yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Ó kàn di ojú àtijọ́ mú síbi tí ó yẹ kí ó wà, ó sì ń fún un ní àyè tí ẹni tí ó ṣe é ti ṣírò sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi irú òrùka mìíràn wé e. Láti 1987 ni Canon ti ń lo ìdè tí wọ́n ń pè ní EF, èyí tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 44. Ìdè FD tí wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀ jẹ́ 42. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú FD sára kámẹ́rà EF ti wọ gbèsè mìlímítà 2 kí ó tó rí àyè fi òrùka sí i rárá. Bákan náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú M42 sára kámẹ́rà Nikon tí ó ní dígí ìwojú, nítorí pé 46.5 ni ti Nikon. Kí àwọn oníṣòwò tó lè san gbèsè yìí, wọ́n fi dígí kékeré kan sínú òrùka. Àwòrán ọ̀nà jíjìn a sì mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dígí kẹ́kẹ́ yẹn ti dá sí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó lè sọ etí àwòrán di bàìbàì, ó sì lè mú kí àwòrán rí bí ẹni pé èéfín díẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa sọ pé ojú àtijọ́ ni kò dára.

Kódà òrùka òfìfo pàápàá lè ṣini lọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó kúrú díẹ̀, kí ẹni tí ó rà á má baà kùnà ọ̀nà jíjìn. Àbájáde rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá yí ojú náà dé àmì ibi tí kò lópin, ó ti kọjá ibẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin ní 1960 àti díẹ̀ kò ṣe é gbára lé mọ́. Ojú ẹni ni a ó máa gbára lé.

Ohun kẹta tí mo kíyè sí nìyí. Kámẹ́rà tuntun kò mọ̀ pé ojú wà lára òun. Kò sí okùn iná tí ó so wọ́n pọ̀. A ní láti kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀rọ náà kí ó gbà láti ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ní ojú. Bí ó bá sì ya àwòrán tán, ó máa ń kọ ọjọ́, wákàtí, àti bí ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ ti yára ṣí tó sínú àkọsílẹ̀; ṣùgbọ́n níbi orúkọ ojú kámẹ́rà, òfìfo ni ó ń fi sílẹ̀. Mo ní láti fi ìwé àjákọ sápò kí n máa fi ọwọ́ kọ ọ́: Takumar ni mo fi ya èyí, Helios ni mo fi ya tọ̀hún. Bí n kò bá kọ ọ́, ẹni tí yóò wò ó lẹ́yìn mi yóò rò pé ẹ̀rọ tuntun ni ó dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe.

4. Fífi ọwọ́ wá ibi tí ó mọ́

Ní 1985, Minolta gbé kámẹ́rà kan tí ń jẹ́ 7000 jáde, èyí tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń fúnra rẹ̀ yí ojú kámẹ́rà títí àwòrán yóò fi mọ́. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti ń kúrò lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ òde òní lè wá ojú ènìyàn rí láàárín ogunlọ́gọ̀, kí ó sì dì í mú bí onítọ̀hún ti ń sáré. N kò ní bú ohun tí ó dára. Mo gbé Takumar bàbá mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní 2021. Kí n tó yí i débi tí ó yẹ nígbà tí wọ́n ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n ti dé orí iyọ̀. Ọmọ àbúrò mi tí ó ń lo fóònù lásán ni ó gba ojú gbogbo ẹbí là.

Àǹfààní ibẹ̀ wà lọ́nà mìíràn. Bí mo bá ṣí Takumar yìí dé ihò ìmọ́lẹ̀ 1.8, tí mo sì dúró ní mítà kan sí ẹni tí mò ń yà, ibi tí yóò mọ́ kedere kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Bí ẹyinjú bá mọ́, etí kò ní mọ́. Nítorí náà, n kò lè tẹ kámẹ́rà láìjẹ́ pé mo ti dáhùn ìbéèrè kan: ibo ni mò ń wò lára ẹni yìí? Ẹ̀rọ tí ń dá ara rẹ̀ yí náà ń dáhùn ìbéèrè yìí, ó kàn ń dáhùn rẹ̀ kí a tó rántí bi í ni. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ń fi ọwọ́ yí kámẹ́rà mọ̀ pé ó ní apá ojú tí ọ̀rọ̀ wà.

Ohun kan sì wà tí ń dùn mí níbí. Bàbá mi pa iṣẹ́ tì nítorí pé kò rí kókó kékeré tí ó wà láàárín dígí Spotmatic mọ́, èyí tí ó ń gbọ̀n wìrìwìrì títí àwòrán yóò fi mọ́. Èmi náà ti lé ní 50 ọdún, ojú mi kò rí ìtòsí bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ara kámẹ́rà tuntun lè sọ àwòrán di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí n tó tẹ̀ ẹ́, ó sì lè fi àwọ̀ pupa yí etí ohun tí ó bá ti mọ́ ká. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ojú àgbà ni ó ń ríran, ara ọmọdé ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Ká ní irú rẹ̀ ti dé ní 1996 ni, bóyá ṣọ́ọ̀bù náà ì bá tún ṣí fún ọdún mẹ́wàá sí i.

5. Ojú àtijọ́ kọ́ ni ìwò àtijọ́

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ìtànjẹ kan ń bẹ lójú ọ̀nà yìí tí èmi náà ti kó sí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí lo Takumar, mo rò pé mo ti ń wo ayé bí bàbá mi ti wò ó. Mo ń ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ dé 1.8 nígbà gbogbo, kí ẹ̀yìn ẹni tí mò ń yà lè di bàìbàì, kí iná ìta sì máa tàn bí òṣùmàrè. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá ojú kámẹ́rà àtijọ́ kiri fẹ́ràn nìyẹn, pàápàá lọ́dọ̀ Helios, nítorí pé ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ máa ń yí po bí ìjì.

Mo wá kó àwọn fọ́tò tí bàbá mi fi Takumar náà yà jọ, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Kò sí ọ̀kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ bàìbàì bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sórí àga, ó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan, ẹsẹ̀ méjèèjì hàn lórí ẹní. Ìlà aṣọ òkè ṣe é kà láti èjìká dé kókósẹ̀. Ihò ìmọ́lẹ̀ 8 tàbí 11 ni ó ń lò, mo rí i nínú ìwé tí ó ń kọ iṣẹ́ sí. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978 nípa fọ́tò yíyà láàárín àwa Yorùbá. Irú ìjókòó yìí gan-an ni ó ṣàlàyé. Kò sí ẹni tí yóò wọ aṣọ tí ó fi owó gidi rà, kí onífọ́tò wá fi ìdajì rẹ̀ sínú kùrukùru. Ká ní bàbá mi fún oníbàárà ní irú àwòrán tí mò ń fi yangàn, owó ni onítọ̀hún ì bá gbà padà.

Nínú àpilẹ̀kọ kan náà, Sprague sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, onífọ́tò lè ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan, kí ó dà bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bàbá mi ṣe irú rẹ̀. Mo rántí pé mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá òkùnkùn rẹ̀ nígbà tí ìyá àwọn ọmọ náà wá gba tirẹ̀. Ọmọ kan ni ojú kámẹ́rà rí; méjì ni ìyá wọn gbé lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí a bá jogún irinṣẹ́, a kò tíì jogún ìmọ̀ tí a fi ń lò ó. Dígí náà kò sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ìyá àgbà gbọ́dọ̀ hàn. Àwọn fọ́tò àti ìwé iṣẹ́ ni ó sọ fún mi. Bí a bá jù wọ́n nù, kí a sì mú dígí nìkan, a ó kàn máa fi ohun èlò àgbà ṣe ìfẹ́ inú ara wa ni.

6. Ohun tí mo ṣe sí ohùn ìyá kan

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ní 1995, nígbà tí mò ń múra fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, mo sì gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ìyá arúgbó kan. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 ni mo lò. Ìyá náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ọmọ òun ni ó ń pè mí. Ní 2001, mo tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ìwé. Àwọn kan nínú yín ti kà á. Àwọn kan ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo tún un ṣe. Gbogbo ibi tí Ìyá ti pe "s" gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka èdè rẹ̀ ni mo kọ "ṣ" sí. Ibi tí ó ti sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ọ̀kan sílẹ̀. Ibi tí ó ti dúró lé adìyẹ, mo yọ ọ́. Ní ibì kan ní ìdajì kásẹ́ẹ̀tì náà, ó dákẹ́ lójijì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìlà kan náà padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀. Mo mú èyí tí ó kọ́kọ́ sọ, mo yọ èkejì, mo sì ṣe àlàyé nísàlẹ̀ ìwé pé ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọmọ Ìyá, tí ó jẹ́ tíṣà, wá kí mi ní ọ́fíìsì. Ó ti ka ìwé náà tán. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bi mí pé, "Ẹ má bínú o, sà. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí?" Mo fún un ní ìdáhùn ọ̀mọ̀wé. Mo ṣàlàyé àkọtọ́ fún un, mo ṣàlàyé èdè àjùmọ̀lò. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. N kò ronú kàn án mọ́.

Òrùka òfìfo tí mo rà ní 2020 ni ó mú mi ronú kàn án. Bí mo ti ń wo dígí kékeré tí àwọn kan ń fi sínú òrùka, tí ó ń sọ àwòrán di bàìbàì, tí a sì ń dá ojú àtijọ́ lẹ́bi rẹ̀, ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn padà sí mi létí. Mo wá kásẹ́ẹ̀tì náà rí. Mo yá ẹ̀rọ tí ó lè lù ú lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta.

Níbi tí Ìyá ti dákẹ́ tí ó sì rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ohun tí n kò kọbi ara sí ní 1995. Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń bẹ lẹ́yìn, ó ń kí i bí ó ti ń kọjá lọ. Ìyá dáhùn, ó pè é ní ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tí ó wá yí padà nínú ìlà tí ó tún bẹ̀rẹ̀, òun ni ó mú kí ìlà náà bá ọmọbìnrin náà wí. Ìyá kò gbàgbé ohunkóhun. Ìyàwó tuntun ń kọjá lọ, ó sì yí ewì rẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí akéwì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti ṣe. Ohun tí ó dára jù nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ni mo yọ, mo sì sọ fún gbogbo ayé pé ogbó ni ó ń ṣe ẹni tí ó ṣe é. Orúkọ mi ni ó wà níwájú ìwé náà. Orúkọ Ìyá wà nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, láàárín ti awakọ̀ àti ti atẹ̀wé.

Ìyá ti di ará ọ̀run. N kò lè lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ti lọ bá ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ilé rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé òun ni ó gba ọ̀rọ̀ náà, pé èmi ni mo jẹ̀bi. A ti jọ ń da kásẹ́ẹ̀tì náà kọ lákọ̀tun: adìyẹ wà níbẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀, "s" Ìyá wà níbẹ̀. Orúkọ Ìyá ni yóò wà níwájú ìwé tuntun náà.

Ẹnì kan lè sọ pé kò sí àkọsílẹ̀ tí kò ní dígí nínú. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá da ohùn kọ ti yan àmì tí yóò lò, ti yan ibi tí ìlà yóò ti gé. Gbohùngbohùn pàápàá ní ibi tí a kọ ọ́ sí. Bàbá mi náà yan ihò 8, ó sì ya ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì mọ ohun tí ó ṣe, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìsẹ́yìn kò mọ ohun tí mo ṣe, kò sì sí ọ̀nà tí òǹkàwé mi lè gbà mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tí mò ń tọ́ka sí nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti fi dígí sínú òrùka, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀.

7. Ìkádìí

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àpótí onígi náà parí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i ní 2020, Super-Takumar ti pọ́n bí oyin. Nínú àwọn Takumar kan, dígí tí ó ní thorium wà, ó sì máa ń pọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún. Mo gbé e sí ojú fèrèsé kí oòrùn máa pa á, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó mọ́. Ti Helios kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ funfun bí okùn aláǹtakùn ti hù nínú rẹ̀, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Inú òkùnkùn àti ọ̀rinrin ni ó ti ń dàgbà, ilẹ̀ wa sì ní ọ̀rinrin tó. Mo gbé e fún alátùn-ún-ṣe kan, ó tú u, ó fi oògùn nù ún. Okùn náà kúrò, ṣùgbọ́n ó ti jẹ dígí. Ojú àpá náà ń bẹ níbẹ̀ títí dòní. Bí mo bá kọjú rẹ̀ sí oòrùn, ìkùukùu bo gbogbo àwòrán. Ọdún 11 tí mo fi gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ni ó ṣe é. Bí mo bá ti ṣí i ní 2010, kò bá má tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àpótí irú èyí wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó, ẹsẹ Ifá, tí a gbà sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì láti 1970 wá, wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì. Ohun kan náà tí ó jẹ dígí bàbá mi ń hù lára kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tí ó lè lù wọ́n ń ṣọ̀wọ́n lójoojúmọ́. Àwọn tí ohùn wọn wà níbẹ̀ ti lọ, a kò lè padà lọ bi wọ́n.

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù wa kó kásẹ́ẹ̀tì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ síta kí ọdún yìí tó parí, kí a tò wọ́n síbi gbígbẹ, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ohùn wọn sínú kọ̀ǹpútà bí wọ́n ti wà, láìgé ikọ́, láìgé adìyẹ. Èkejì, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, ibi tí ó ti sọ ọ́, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tuntun kò ní bá wa kọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a ti tẹ ìwé jáde láti inú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí padà lọ gbọ́ ohun tí a dà kọ. Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Kò rọrùn, ó sì ń ti ni lójú. Ṣùgbọ́n ìyàwó kan wà tí ń kọjá lọ nínú kásẹ́ẹ̀tì mi fún ọdún 25, tí n kò sì gbọ́ ìkíni rẹ̀. N kò mọ iye irú rẹ̀ tí ó wà nínú ti yín.